Ohun Tí Àǹtí Òkè Ń Jẹ Lókè

Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín o, ọ̀rọ̀ oúnjẹ àárọ̀ ni. Obìnrin kan wà tó jẹ́ pé ojú sánmà ló ti ń ṣiṣẹ́. Kì í ṣe ọkọ̀ òfuurufú ló ń wà. Kíréènì ni, ẹ̀rọ gàgàrà onírin tí wọ́n ń rì mọ́lẹ̀ síbi tí wọ́n bá ti ń kọ́ ilé alájà púpọ̀, tó máa ń na apá gbọọrọ kan síta, tó ń fi ìkọ́ gbé búlọ́ọ̀kù àti irin láti ilẹ̀ lọ sókè bí ẹni gbé ike omi. Inú yàrá kékeré onígíláàsì kan ní téńté ẹ̀rọ yìí ni obìnrin náà máa ń jókòó sí láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, ọ̀pá ìdarí kan lọ́wọ́ ọ̀tún, òmíràn lọ́wọ́ òsì. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ sọ ọ́ ní Àǹtí Òkè, orúkọ náà sì lẹ̀ mọ́ ọn débi pé ọkọ rẹ̀ gan-an ti ń fi pè é nílé.

Ọkùnrin kan wà nísàlẹ̀ tó máa ń so ẹrù mọ́ ìkọ́ fún un. Nígbà tí ẹnì kan ti ń jẹ́ Àǹtí Òkè, kí lẹ rò pé wọn ó máa pe ẹnì kejì? Bàbá Ìsàlẹ̀ ni. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan báyìí, kò fi bẹ́ẹ̀ sanra ju igi ìgbálẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Rédíò ọwọ́ ni òun àti Àǹtí Òkè fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ á tẹ bọ́tìnnì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tó bá sọ tán, á fi í sílẹ̀ kí ẹlòmíràn lè ráyè fèsì. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ẹrù máa ń wọ ẹ̀yìn ògiri tí Àǹtí Òkè ò ní rí i mọ́, nígbà náà, ohùn Bàbá Ìsàlẹ̀ ló di ojú rẹ̀. Bí ẹrù bá ti ń lọ lẹ́yìn ògiri, Bàbá Ìsàlẹ̀ á máa wí i tẹ̀léra tẹ̀léra: "Rọra, rọra, rọra." Bí "rọra" bá ń bọ̀, kí ọwọ́ máa lọ. Bí "rọra" bá dákẹ́, kí ọwọ́ dúró. Bí àwọn méjèèjì ṣe ń ṣe é nìyẹn láti ọjọ́ tí wọ́n ti jọ wà.

Àǹtí Òkè fẹ́ràn iṣẹ́ yìí dé inú egungun. Ohun kan ṣoṣo ló ń dà á láàmú lókè yẹn: kò sí ilé ìtọ̀. Ẹni tó bá mu tíì kún ife láàárọ̀, kó tó di pé oòrùn mú dáadáa, á sọ̀ kalẹ̀ dandan. Àkàbà irin náà gùn, ó lọ sókè, ó tún lọ sókè. Lọ́jọ́ kan tó sọ̀ kalẹ̀ láàárín iṣẹ́, gbogbo sáìtì dúró dè é, làwọn tó ń po sìmẹ́ǹtì bá bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́.

"Ẹ kú àbọ̀ o, Àǹtí Òkè! Ṣé ẹ bá wa mú nǹkan bọ̀ láti ìrìn-àjò?"

Ojú tì í. Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń gòkè pẹ̀lú ikùn òfìfo. Kò ní í jẹun, kò ní í mu omi, títí ọ̀sán ó fi pọ́n. Bó bá wá sọ̀ kalẹ̀ lọ́sàn-án, á máa kó ohunkóhun tó bá jẹ́ díndín sẹ́nu bí ẹni tí wọ́n ń lé bọ̀.

Ní ọjọ́ Ẹtì kan, bó ṣe gbé búlọ́ọ̀kù sókè, ojú rẹ̀ ṣú. Ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n. Ẹrù náà fì lọ, ó fì bọ̀, ó lọ fi ẹ̀gbẹ́ họ igi àtẹ̀gùn àwọn bíríkìlà. Kò sẹ́ni tó fara pa, ọpẹ́ ni, àmọ́ ariwo tó ta nísàlẹ̀ kò kéré.

Fọ́máànù, ọ̀gá sáìtì náà, ránṣẹ́ pè é. Fọ́máànù yìí kì í pariwo. Ìgbà tó bá ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ gan-an lẹ̀rù máa ń ba èèyàn.

"Kí lo jẹ láàárọ̀ yìí?"

"Mi ò tíì jẹun, Ọ̀gá."

"Àná ńkọ́?"

Àǹtí Òkè ń wo bàtà rẹ̀.

"Ẹ̀rọ yẹn ò mọ̀ pé ebi ń pa ẹ́," Fọ́máànù wí. "Ojú mi á wà lára ẹ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Bí nǹkan kan bá tún ṣẹlẹ̀ lókè yẹn, wàá bọ́ sílẹ̀ wá máa ṣọ́ sítọ́ọ̀."

Sítọ́ọ̀! Inú ilé páànù kan tí kò ní fèrèsé, tó jẹ́ àpò sìmẹ́ǹtì lèèyàn á máa wò, tí àpò sìmẹ́ǹtì náà á máa wo èèyàn. Ṣé torí èyí ló ṣe kọ́ iṣẹ́ láàárín àwọn ọkùnrin tó ń bi í pé ṣé ilé ìdáná ló ń wá tó fi ṣìnà débẹ̀? Bó ṣe ń rìn lọ sílé, ó ń gbé ojú sókè wo kíréènì náà bí ẹni ń wo ọmọ tí wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìyá ọkọ rẹ̀ ni wọ́n jọ ń gbé. Ọkọ rẹ̀ ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, òpin ọ̀sẹ̀ nìkan ló ń wálé, nítorí náà àwọn obìnrin méjèèjì ló ni ilé. Màmá yìí, orin ló fi ń ṣe ohun gbogbo. Kò ní aago. Bó bá gbé nǹkan sórí iná, orin tó bá kọ ló fi ń mọ ìgbà tó máa jinná. Ó ní orin ìrẹsì, ó ní orin ẹ̀wà, ti ẹ̀wà ló gùn jù.

Nígbà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ sítọ́ọ̀, orin dá lẹ́nu rẹ̀.

"Ìwọ ìyàwó mi yìí, àṣé ebi lo máa ń gbé gòkè? Tó o máa ń gbé abọ́ mi tì láàárọ̀, tó o ní o máa jẹun ní ibi iṣẹ́?"

"Màmá, ẹ má bínú. Bí mo bá jẹun, màá sọ̀ kalẹ̀ ni. Bí mo bá sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Lọ wẹ̀. Ó di ọjọ́ Ajé."

Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, Màmá ti rẹ óòtì, ọkà pẹlẹbẹ tí wọ́n ń tà nínú ọ̀rá, sínú mílíìkì láti alẹ́, ó gé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ sí i, ó dé e pa sínú ìgò ẹlẹ́nu fífẹ̀. Oúnjẹ gidi ni, kò sì náni lówó. Àmọ́ Màmá ò gun àkàbà rí. Ibi tí Àǹtí Òkè ti ń fà á gòkè, ìgò dojú dé nínú báàgì ẹ̀yìn, mílíìkì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn lọ sí ìbàdí rẹ̀. Èyí tó ṣẹ́ kù nínú ìgò, ó jẹ ẹ́, ó dùn, ṣùgbọ́n omi ló pọ̀ nínú rẹ̀. Ká má parọ́, kí ọ̀sán tó pọ́n, ìtọ̀ ti ń gbọ̀n ọ́n, itan rẹ̀ méjèèjì ti lẹ̀ mọ́ra gbágbáágbá.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Màmá se ẹyin fún un. Ẹyin ò ní omi nínú. Àmọ́ ọwọ́ méjì ni wọ́n fi ń bó o, ibi tí ọwọ́ méjì Àǹtí Òkè sì yẹ kó wà, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ó bó ọ̀kan dé ààbọ̀, Bàbá Ìsàlẹ̀ ké "Ó yá!" ẹyin yí gbirigbiri lọ sábẹ́ ìjókòó. Inú gíláàsì tí oòrùn ń ràn sí, ẹyin sábẹ́ ìjókòó! Kò sẹ́ni tó ṣẹ̀ ẹ́, ó kàn ń di imú ara rẹ̀ ni.

Ọjọ́rú, búrẹ́dì àti ẹ̀pà lílọ̀ ni. Ẹ̀pà lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu, ó lẹ̀ mọ́ ìka, ìka lẹ̀ mọ́ ọ̀pá ìdarí. Bàbá Ìsàlẹ̀ bi í léèrè nǹkan lórí rédíò, ohun tó fi fèsì ò yàtọ̀ sí ti ẹni tí wọ́n fi aṣọ dì lẹ́nu.

"Àǹtí Òkè, ṣé àlàáfíà ni?"

"Mm-mm."

"Ó dáa, mo gbọ́. Rọra."

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó ròyìn fún Màmá. Màmá rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Nígbà tó nu ojú tán, ó fa àpótí ìjókòó sáàárín kíṣìnì.

"Jókòó síbí. Báwo lo ṣe máa ń jókòó lókè yẹn? Ṣe é kí n rí i."

Àǹtí Òkè jókòó. Màmá ki ṣíbí onígi kan bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ ọ̀tún, ó ki òmíràn bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ òsì.

"Ọ̀pá ìdarí ẹ nìyẹn. Èmi ni Bàbá… kí lẹ pè é?"

"Bàbá Ìsàlẹ̀, Màmá."

"Èmi ni Bàbá Ìsàlẹ̀. Abọ́ yìí lẹrù. Ó yá, gbé e! Rọra, rọra, rọra…" Arúgbó gbé abọ́ lé orí, ó ń fi ìdí jó yí kíṣìnì po, ìyàwó rẹ̀ ń fa ṣíbí síwá sẹ́yìn. Bí ẹnikẹ́ni bá yọjú lójú fèrèsé, á ti lọ pe àwọn ará ilé. Màmá gbé abọ́ kalẹ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Ó yá, ẹrù ti balẹ̀. Ìgbà wo wá lọwọ́ ẹ ń ṣófo?"

"Ìsinsìnyí, Màmá. Tí wọ́n bá ń so òmíràn mọ́ ìkọ́."

"Ṣé ó máa ń pẹ́?"

"Rárá o. Kò ju kéèyàn ju nǹkan sẹ́nu, kó jẹ ẹ́, kó gbé e mì."

Màmá pàtẹ́wọ́ gbàà.

"Áà! Gbogbo ohun tí mo ti ń ṣe fún ẹ, oúnjẹ ẹni tó jókòó ti tábìlì ni! Ẹnu kan, ẹrù kan, ohun tó o nílò nìyẹn. Dìde kúrò lórí àpótí mi."

Ó kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tó ti pọ́n jù síta, èyí tí èèpo rẹ̀ ti ń dúdú, tí àwọn tó ń tà á máa ń fẹ́ kó tètè kúrò níwájú wọn. Ó fi fọ́ọ̀kì tẹ̀ ẹ́ wómúwómú. Ó da óòtì sí i, ó fọ́ ẹyin sí i, ó rin kárọ́ọ̀tì kan sí i, ó gún ẹ̀pà yíyan díẹ̀ mọ́ ọn, kò kúnná púpọ̀, kó lè máa ta sí ehín. Ó bu iyọ̀ díẹ̀ sí i. Ṣúgà ńkọ́? Kò fi sí i rárá, torí dídùn ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà tó o. Ó tẹ́ gbogbo rẹ̀ sínú páànù, ó fi ẹ̀yìn ṣíbí tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ pinpin, ó tì í sínú ófùnù pẹ̀lú iná tí kò le. Níbẹ̀ ni orin ti dé, torí oúnjẹ tuntun ò lè jinná láìní orin tirẹ̀:

*Óòtì, dì mọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀,*
*Ọ̀gẹ̀dẹ̀, dì mọ́ ẹyin,*
*Ìyàwó mi ń gòkè lọ,*
*Ẹ má fọ́ sí i lára o.*
*Ṣé ó dì? Ó dì!*
*Ṣé ó dì? Ó dì gbagidi!*

Bó bá kọ ọ́ tán, á tún bẹ̀rẹ̀ láti orí, ó ń fi ká aṣọ tó sá lọ́sàn-án. Nígbà tí aṣọ tán, òórùn náà ti gba ilé kan. Ó gbé e jáde, ó jẹ́ kó tutù pátápátá, ó wá gé e ní kéékèèké, ọ̀kọ̀ọ̀kan ò ju ohun tí ẹnu gbà lẹ́ẹ̀kan lọ. Ó tò ó sínú agolo pẹlẹbẹ olómorí.

"Bó o bá ti jẹ ọ̀kan, fi omi díẹ̀ tọ́ ọ̀fun ẹ. Mo ní kó o tọ́ ọ o, mi ò ní kó o mu ún."

Lọ́jọ́bọ̀, Ọlọ́run ṣe é, gbogbo nǹkan lọ geere. Ẹrù kan, ẹnu kan. Nǹkan ọ̀hún ò rún, kò lẹ̀, kò rùn, inú Àǹtí Òkè sì dúró bí ilé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi òpó sí. Ọwọ́ rẹ̀ tutù pẹ̀sẹ̀ lórí ọ̀pá. Ó rí Fọ́máànù nísàlẹ̀ tó dúró, tó ń wòkè, tó sì yí padà lọ. Ọjọ́ kan péré ló kù.

Lọ́jọ́ Ẹtì ọ̀hún, ibi tí wọ́n máa ń fi rédíò kọ́ lára gíláàsì ti yẹ̀, ló bá gbé rédíò sẹ́gbẹ̀ẹ́ itan rẹ̀ lórí ìjókòó. Ó ju ọ̀kan sẹ́nu. Bàbá Ìsàlẹ̀ ń so ìdì irin gbọọrọ mọ́ ìkọ́, okùn níbí, okùn lọ́hùn-ún.

"Àǹtí Òkè, ó yá!"

Ó sáré gbé agolo kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ láìwo ibi tó ń gbé e sí, ó di ọ̀pá mú. Orí rédíò lagolo jókòó lé. Bọ́tìnnì wọlé, kò jáde mọ́. Bẹ́ẹ̀, bí ẹnì kan bá tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ mọ́lẹ̀, òun nìkan ni gbogbo ayé ń gbọ́, òun ò sì ní gbọ́ ẹnikẹ́ni.

Àǹtí Òkè ò mọ̀. Ẹrù ń gòkè, ó ń rí i lójúkojú, inú rẹ̀ ń dùn pé ọ̀sẹ̀ ti fẹ́ parí. Orin Màmá bọ́ sí i lẹ́nu. "*Óòtì, dì mọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀…*" Nísàlẹ̀, nínú gbogbo rédíò tó wà ní sáìtì, lọ́wọ́ Fọ́máànù, lọ́wọ́ olórí bíríkìlà, lẹ́nu géètì, ni obìnrin kan ti ń jẹun, tó ń kọrin pé kí óòtì dì. Bíríkìlà kan gbé trọ́wẹ̀lì tó fi ń lẹ sìmẹ́ǹtì sókè, ó ń fi jó. Nígbà tó dé "*Ṣé ó dì?*" lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n ti mọ ègbè.

"Ó dì gbagidi!"

Bàbá Ìsàlẹ̀ nìkan ni kò jó. Okùn apá kan ti sún kúrò ní ìpẹ̀kun irin lọ sáàárín, ìdì irin náà sì ti ń dorí kọdò díẹ̀díẹ̀. Ó ń pariwo sínú rédíò rẹ̀, orin ló ń dá a lóhùn. Ó ju rédíò sílẹ̀, ó ń fi apá méjèèjì jùwọ́.

Ẹrù dé etí ògiri, ibi tí Àǹtí Òkè kì í ti í rí i mọ́. Etí rẹ̀ ń retí "rọra." "Rọra" ò dé. Bàbá Ìsàlẹ̀ tí kì í dákẹ́, tó máa ń wí i bó tilẹ̀ ń húkọ́! Orin dá lẹ́nu rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Kò já ọ̀pá sílẹ̀ gbì, ó dá a dúró wẹ́rẹ́ bí ẹni dá ọmọ tó ń sùn dúró lẹ́yìn. Irin náà rọ̀ sójú afẹ́fẹ́, kò mì.

Ó wo ìsàlẹ̀, ó rí apá tó ń jù. Ó wo ẹ̀gbẹ́ itan, ó rí agolo, ó sì rí ohun tí agolo jókòó lé. Ó gbé agolo kúrò.

"…òkè o! Àǹtí Òkè! Má fọwọ́ kan nǹkan kan o! Okùn ti sún! Bó bá fi lè wọ ẹ̀yìn ògiri báyìí, á dà sílẹ̀!"

"Mo gbọ́, Bàbá Ìsàlẹ̀. Ẹ darí mi."

"Jẹ́ kó máa bọ̀ nílẹ̀. Rọra. Rọra. Rọra…"

Irin kan ilẹ̀, kò sí èyí tó yọ. Kó tó mí, ohùn jẹ́jẹ́ kan wọlé sórí rédíò.

"Sọ̀ kalẹ̀ wá."

Àkàbà náà ò gùn tó bẹ́ẹ̀ rí. Bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, ó ti ń gbóòórùn sítọ́ọ̀ nímú. Agolo wà lábíyá rẹ̀. Kò mọ ìdí tó fi gbé e dání.

"Na ọwọ́ ẹ méjèèjì síwájú," Fọ́máànù wí.

Ó nà án. Ọwọ́ náà ò gbọ̀n.

"Ta ló dí rédíò?"

"Èmi ni, Ọ̀gá. Agolo oúnjẹ mi ló tẹ̀ ẹ́."

"Ta ló wá ní kó o dá ẹrù dúró?"

"Kò sẹ́ni. Mi ò gbọ́ 'rọra' ni."

Bàbá Ìsàlẹ̀ ò lè mú un mọ́ra. "Ọ̀gá, mo pariwo títí ọ̀fun mi fi fẹ́ ya! Obìnrin yìí ò gbọ́ ẹyọ kan, síbẹ̀ ó dúró. Ẹ ṣáà rí irin yẹn, bí ìgbà tí wọ́n so ó mọ́ sánmà!"

"Èmi náà ní ojú, Bàbá Ìsàlẹ̀." Fọ́máànù yíjú sí Àǹtí Òkè. "Lọ́sẹ̀ tó kọjá, gbogbo wa ń bá ẹ sọ̀rọ̀, ẹrù fì mọ́ ẹ lọ́wọ́. Lónìí, kò sẹ́ni tó ráyè bá ẹ sọ̀rọ̀, ẹrù dúró. Kí ló yàtọ̀?"

Àǹtí Òkè yọ agolo kúrò lábíyá. Ó ṣí agolo.

Fọ́máànù wò ó, ó mú ọ̀kan, ó jẹ ẹ́. Gbogbo sáìtì ń wo ẹnu rẹ̀. Ó mú ìkejì.

"Ta ló ṣe é?"

"Ìyá ọkọ mi ni, Ọ̀gá."

"Àwọn náà ló ni orin?"

"Àwọn ni."

"Hùn." Ó nu ọwọ́ sára ṣòkòtò. "Rédíò tó o dí yẹn, ẹ̀bi ńlá ni, má ṣe jẹ́ kí orin yẹn mú ẹ gbàgbé. Padà sókè lọ ṣiṣẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n bí agolo àti rédíò bá tún jókòó pọ̀ lórí ìjókòó kan, èmi fúnra mi ni màá gun àkàbà yẹn wá gbé ẹ."

Bàbá Ìsàlẹ̀ yíjú pa dà kó lè rẹ́rìn-ín, torí kò sẹ́ni tí kò mọ̀ pé òkè ń ba Fọ́máànù lẹ́rù.

Nílé, Àǹtí Òkè ro gbogbo rẹ̀ fún Màmá, bí okùn ṣe sún, bí àyà rẹ̀ ṣe já, bó ṣe kù díẹ̀ kó di olùṣọ́ sìmẹ́ǹtì. Màmá gbọ́ ọ títí dé òpin. Ó gbé àṣẹ́kù aṣọ kan jáde, ó ki òwú bọ abẹ́rẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rán àpò kékeré olókùn tó ṣeé gbé kọ́ ọrùn.

"Agolo á máa gbé inú èyí," ó wí. Ó rán an díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gbójú sókè, ojú rẹ̀ ń tàn. "Ìyàwó mi, àwọn ọkùnrin yẹn… ṣé wọ́n gbe ègbè náà dáadáa?"

"Wọ́n gbè é, Màmá. Àwọn ẹlẹ́nu géètì gan-an gbè é."

"Ẹ̀n-ẹ́n!" Màmá bú sẹ́rìn-ín. Ní ọjọ́ Àìkú, páànù ńlá ló tì bọ ófùnù.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, kí ẹrù àkọ́kọ́ tó kúrò nílẹ̀, rédíò tí wọ́n ti gbé padà sí ìfikọ́ rẹ̀ dún.

"Àǹtí Òkè, agolo dà?"

"Ó wà lọ́rùn mi."

"Rédíò ńkọ́?"

"Ó wà lára gíláàsì."

"Oúnjẹ tèmi ńkọ́?"

"Mo fi sọ́wọ́ ẹni tó wà lẹ́nu géètì. Ẹ tètè lọ gbà á kí Ọ̀gá tó kọjá níbẹ̀."

Bàbá Ìsàlẹ̀ sáré lọ sẹ́nu géètì. Lẹ́yìn náà ohùn Bàbá Ìsàlẹ̀ padà dé, nǹkan kan ti wà lẹ́nu rẹ̀.

"Ó yá, gbé e. Rọra, rọra, rọra…"